William Lever

William Hesketh Lever, tí oyè rẹ̀ ń jẹ́ Viscount Leverhulme Kìíní (ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1851 – ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún ọdún 1925), jẹ́ oníṣòwò, olóṣèlú àti ọ̀kan nínú àwọn olùdásílẹ̀ ilé-iṣẹ́ ọṣẹ Lever Brothers ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òun ni ó sọ ọṣẹ Sunlight di ohun tí a mọ̀ káàkiri ayé, òun náà sì ni ó tẹ abúlé Port Sunlight dó fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 1923, ó dá ilé-iṣẹ́ ọṣẹ kan sílẹ̀ ní Èkó, èyí tí a mọ̀ sí Unilever Nigeria lónìí. Ìtàn rẹ̀ kò ṣeé yà kúrò lára ìtàn igi ọ̀pẹ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, nítorí pé àdín àti epo pupa wà lára àwọn ohun pàtàkì tí ọrọ̀ rẹ̀ ti jáde wá. Ohun tí òun àti ìjọba amúnisìn Nàìjíríà kò fi ẹnu kò lé lórí títí ó fi kú ni ẹni tí ó yẹ kí ó ni ilẹ̀ tí ọ̀pẹ hù sí.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀

Ìlú Bolton ní agbègbè Lancashire ni wọ́n bí Lever sí. James Lever, tí ó ń ta oúnjẹ àti èlò ilé, ni bàbá rẹ̀. Eliza Hesketh ni ìyá rẹ̀. Òun ni ọmọ keje tí wọ́n bí, ṣùgbọ́n òun ni àkọ́bí lọ́kùnrin. Ní ọdún 1867, ó fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀. Lára iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fún un ni gígé ṣúgà àti ọṣẹ sí wẹ́wẹ́ fún títà.

Ní àkókò náà, ọṣẹ kì í ní orúkọ. Bí ìtì igi gígùn ni ó ṣe ń dé ọ̀dọ̀ alájàpá, alájàpá á gé e, á gbé e lé ìwọ̀n, á sì fi bébà wé e fún oníbàárà. Ẹni tí ó rà á kì í mọ ẹni tí ó sè é, kò sì lè mọ̀ bóyá èyí tí òun yóò rà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ yóò dára bí ti tẹ́lẹ̀. Ohun tí Lever rí lórí káńtà bàbá rẹ̀ yìí ni ó padà fi dá òwò tirẹ̀ sílẹ̀.

Ó di alábàáṣòwò bàbá rẹ̀ ní ọdún 1872. Ní ọdún 1874, ó gbé Elizabeth Ellen Hulme níyàwó. William Hulme Lever, tí wọ́n bí ní ọdún 1888, ni ọmọ kan ṣoṣo wọn tí kò kú ní kékeré.

Ọṣẹ Sunlight

Ní ọdún 1884, Lever fi orúkọ Sunlight sílẹ̀ lábẹ́ òfin gẹ́gẹ́ bí àmì ọjà tirẹ̀. Kò tíì ní ilé-iṣẹ́ nígbà náà. Ọ̀dọ̀ àwọn oníṣẹ́-ọṣẹ mìíràn ni ó ti ń ra ọṣẹ, tí ó ń fi orúkọ náà sí i lára. Kò pẹ́ tí ó fi rí i pé orúkọ kan náà kò lè dúró lórí ọṣẹ tí ìṣesí rẹ̀ ń yí padà. Ní ọdún 1885, òun àti àbúrò rẹ̀ James Darcy Lever yá ilé-iṣẹ́ ọṣẹ kan ní ìlú Warrington. William Hough Watson, onímọ̀ kẹ́místrì, darapọ̀ mọ́ wọn, ìlànà tirẹ̀ ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀ sí se ọṣẹ tí ó dá lórí òróró igi ju ọ̀rá ẹran lọ. Wọ́n gé ọṣẹ náà sí ìwọ̀n kan náà, wọ́n fi bébà aláràbarà wé e, wọ́n sì ná owó púpọ̀ lórí ìpolówó. Láìpẹ́, ọ̀pọ̀ ìyàwó ilé kò béèrè ọṣẹ lásán mọ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Orúkọ Sunlight ni wọ́n ń pè.

Kẹ́místrì ọṣẹ náà

Òróró tàbí ọ̀rá èyíkéyìí jẹ́ àkópọ̀ gilisírìn àti àwọn ásíìdì ọ̀rá. Michel Eugène Chevreul, onímọ̀ kẹ́místrì ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni ó la èyí yé ayé nínú ìwé ìwádìí tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1823. Bí a bá se òróró pọ̀ mọ́ omi sódà, àkópọ̀ náà yóò tú. Àwọn ásíìdì ọ̀rá yóò dara pọ̀ mọ́ sódà, wọn yóò sì di ọṣẹ. Gilisírìn yóò dá dúró lọ́tọ̀. Bí wọ́n bá da iyọ̀ sínú ìkòkò, ọṣẹ yóò léfòó, omi iyọ̀ àti gilisírìn yóò sì wà nísàlẹ̀.

Mólékù ọṣẹ ní orí kan tí ó fẹ́ràn omi àti ìrù gígùn kan tí ó fẹ́ràn ọ̀rá. Ìrù yìí á wọ inú ìdọ̀tí olóròóró tó wà lára aṣọ tàbí awọ ara, orí á wà nínú omi, bẹ́ẹ̀ ni omi tí a fi ń ṣan án á fi gbé ìdọ̀tí náà lọ. Gígùn ìrù yìí ni ó ń sọ bí ọṣẹ yóò ṣe rí. Ásíìdì inú ọ̀rá màlúù ní ìrù gígùn, ọṣẹ rẹ̀ sì máa ń le, ó ń pẹ́ kí ó tó tán, ṣùgbọ́n kì í hó dáadáa nínú omi tútù. Àdín àti òróró àgbọn yàtọ̀: nǹkan bí ìdajì wọn jẹ́ ásíìdì lauric, tí ìrù rẹ̀ kúrú, nítorí náà ọṣẹ wọn ń yára yòrò, ó sì ń hó púpọ̀. Epo pupa wà láàárín méjèèjì.

Èyí ni àṣírí Sunlight. Ohun tí ó ju ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún lọ nínú èròjà tí wọ́n fi se é jẹ́ àdín tàbí òróró àgbọn. Ìyókù jẹ́ ọ̀rá màlúù, òróró òwú àti oje igi. Ọṣẹ náà hó ju ti àwọn abánidíje rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n òróró igi ní ìṣòro tirẹ̀: bí afẹ́fẹ́ bá kàn án pẹ́, ó ń kan, ó sì ń rùn. Wọ́n fi òróró ewé citronella sí i láti borí òórùn náà, bẹ́ẹ̀ ni òórùn tí wọ́n kọ́kọ́ lò láti bo àbùkù mọ́lẹ̀ ṣe di ohun tí àwọn oníbàárà fi ń dá ọṣẹ náà mọ̀.

Ìmọ̀ kan náà wà lẹ́yìn ọṣẹ dúdú ilẹ̀ Yorùbá, tí ó ti wà ṣáájú kí wọ́n tó bí Lever. Àwọn aṣọṣẹ ń jó èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ṣùkù ẹyìn tàbí, láti ìgbà tí kòkó ti dé, èèpo kòkó. Wọ́n ń sẹ́ omi láti inú eérú rẹ̀, wọ́n sì ń se omi náà pọ̀ mọ́ àdín. Ohun tí ó wà nínú omi eérú jẹ́ ti pọ́táṣì, kì í ṣe ti sódà, ìdí nìyí tí ọṣẹ dúdú fi ń rọ̀ tí Sunlight sì ń le. Wọn kì í sì da iyọ̀ sí i láti yọ gilisírìn kúrò. Gilisírìn ń fa omi mọ́ra, kì í sì í jẹ́ kí awọ ara gbẹ. Ní àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá, wọ́n ń yọ ọ́ láti tà á lọ́tọ̀ fún àwọn tí ń ṣe ìpara, oògùn, àti ohun abúgbàù.

Port Sunlight àti àwọn ọṣẹ mìíràn

Ní ọdún 1888, Lever bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ilé-iṣẹ́ tuntun sórí ilẹ̀ àbàtà kan ní Wirral, ní òdìkejì odò Mersey sí Liverpool. Ó kọ́ ilé àwọn òṣìṣẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì fi orúkọ ọṣẹ rẹ̀ pe ibẹ̀. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1914, ilé bí 800 ni ó ti wà níbẹ̀, pẹ̀lú ilé-ẹ̀kọ́, ṣọ́ọ̀ṣì, ilé ìwòsàn àti pápá ìṣeré. Ilé wọ̀nyí dára ju èyí tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ń gbé lọ. Ṣùgbọ́n òun ni ó ni wọ́n, ẹni tí iṣẹ́ bá sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kò lè retí pé ilé yóò ṣẹ́kù fún òun.

Lẹ́yìn Sunlight ni Lifebuoy jáde ní àárín àwọn ọdún 1890. Ásíìdì carbolic tó wà nínú rẹ̀ ń pa kòkòrò àrùn, òun náà ni ó sì fún un ní òórùn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń rántí. Lux, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní ìrísí ẹ̀fẹ́lẹ́ fún fífọ aṣọ onírun, tẹ̀ lé e. Ní ọdún 1906, Lever ra ilé-iṣẹ́ Vinolia, tí a mọ̀ fún ọṣẹ ìwẹ̀ olóòórùn dídùn àti ìpara. Lẹ́yìn náà ni ilé-iṣẹ́ Pears, tí ọṣẹ rẹ̀ mọ́ gaara bí dígí, bọ́ sí ọwọ́ rẹ̀. Báyìí ni oníṣẹ́-ọṣẹ ìfọṣọ ṣe wọnú òwò ìtọ́jú awọ ara.

Ìṣèlú àti ẹjọ́ ọdún 1906

Wọ́n dìbò yan Lever sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1906 láti ṣojú Wirral lábẹ́ ẹgbẹ́ Liberal, ó sì wà níbẹ̀ títí di ọdún 1909. Ọdún 1906 náà ni owó ọ̀rá àti òróró gbówó lórí. Lever dín ìwọ̀n ọṣẹ rẹ̀ kù láti ownsi 16 sí 15 láìfi kún owó rẹ̀, ó sì gbìyànjú láti kó àwọn ilé-iṣẹ́ ọṣẹ ńlá jọ sábẹ́ àdéhùn kan. Ìwé ìròyìn Daily Mail àti àwọn mìíràn gbógun tì í, wọ́n ní ó fẹ́ rẹ́ àwọn aráàlú jẹ. Títà ọṣẹ rẹ̀ wálẹ̀ gan-an, àdéhùn náà sì tú ká. Ó pe Daily Mail lẹ́jọ́, wọ́n sì san 50,000 pọ́n-ùn fún un ní ọdún 1907.

Ẹ̀kọ́ tí ó mú kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé ẹni tí kò bá ní orísun òróró kò ní agbára lórí iye owó ọṣẹ. Láti ìgbà náà ni ó ti yí ojú sí ilẹ̀ tí òróró ti ń wá.

Ilẹ̀ ọ̀pẹ ní Nàìjíríà

Ní Gúúsù Nàìjíríà, igi ọ̀pẹ kì í ṣe ohun ọ̀gbìn oko ńlá. Láàárín oko àwọn ìdílé ni ó ń hù, láti etí òkun títí dé ilẹ̀ Èkìtì, ní agbègbè Adó-Èkìtì, Igbemo-Èkìtì àti àwọn ìlú tó yí wọn ká. Àwọn ọkùnrin ń gun ọ̀pẹ láti gé ìdì ẹyìn. Àwọn obìnrin ń se ẹyìn, wọ́n ń fún epo rẹ̀, wọ́n sì ń pa èkùrọ́. Kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ̀rẹ̀, ibùdókọ̀ òkun Hamburg ní Jámánì ni èyí tó pọ̀ jù nínú èkùrọ́ tí ó ń kúrò ní Nàìjíríà ń lọ.

Ní ọdún 1907, Lever bẹ̀bẹ̀ fún ilẹ̀ gbalasa ní Nàìjíríà, kí òun lè kó ẹ̀rọ ìfúnpo wá, kí ẹlòmíràn má sì bá òun du ẹyìn agbègbè náà. Ohun tí ó ń tọ́ka sí ni pé apá púpọ̀ nínú epo ń ṣòfò bí a bá fi ọwọ́ fún un, àti pé epo tí ó bá pẹ́ kí wọ́n tó sè é ń ní ásíìdì púpọ̀, kì í sì í ṣeé lò fún ọṣẹ dídára. Ní ti kẹ́místrì, òótọ́ ni ó sọ. Ìjọba kò gbà fún un. Ilẹ̀ jẹ́ ti ìdílé àti ti ìlú. Àwọn aláṣẹ bẹ̀rù rúkèrúdò tí gbígbà á lè dá sílẹ̀, wọ́n sì gbà pé àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn lè mú òwò náà gbòòrò. Lever kò jáwọ́. Lẹ́yìn ogun, ó tún gbé ọ̀rọ̀ náà dìde, ṣùgbọ́n Gómìnà Hugh Clifford, tí ó ṣàkóso Nàìjíríà láti ọdún 1919 sí 1925, dúró gbọn-in lórí ìpinnu àtijọ́.

Kóńgò

Ohun tí Nàìjíríà kò fún un, Bẹ́ljíọ̀m fún un. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1911, Lever àti ìjọba Bẹ́ljíọ̀m tọwọ́ bọ àdéhùn tí ó dá Huileries du Congo Belge sílẹ̀. Wọ́n fún un ní agbègbè márùn-ún tí ọ̀kọ̀ọ̀kan rí róbótó lórí àwòrán ilẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀tọ́ láti mú ilẹ̀ tí kò ju hẹ́kítà 750,000 lọ. Àdéhùn náà fi dandan lé e láti kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn, ó sì kọ́ wọn. Ibùdó àkọ́kọ́ rẹ̀, tí a ń pè ní Lusanga lónìí, ni wọ́n sọ ní Leverville.

Ṣùgbọ́n gígun ọ̀pẹ nira, ó léwu, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan, nítorí náà àwọn ènìyàn kò fẹ́ ṣe é. Owó orí tí ìjọba ń gbà àti agbára tí wọ́n ń lò lórí àwọn baálẹ̀ ni wọ́n fi ń lé àwọn ọkùnrin lọ sẹ́nu iṣẹ́. Àwọn dókítà àti òṣìṣẹ́ ìjọba kan kọ ìròyìn nípa oúnjẹ tí kò tó, ibùgbé burúkú àti àìsàn láàárín àwọn òṣìṣẹ́. Ní ọdún 1931, lẹ́yìn ikú Lever, àwọn ará Pende ní agbègbè Kwango dìde, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn sì kú nígbà tí àwọn ọmọ ogun tẹ ìdìde náà rì. Ọkùnrin kan náà tí ó kọ́ Port Sunlight ni ó dá ilé-iṣẹ́ yìí sílẹ̀, epo inú rẹ̀ sì wà lára ohun tí ó gbé ọlá Port Sunlight ró.

Niger Company àti ilé-iṣẹ́ Èkó

Níwọ̀n bí kò ti rí ilẹ̀ gbà ní Nàìjíríà, Lever yíjú sí òwò. Ó ra ilé-iṣẹ́ W. B. MacIver ní ọdún 1910. Ní ọdún 1920, ó ra Niger Company ní iye tí ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́jọ pọ́n-ùn láìkọ́kọ́ yẹ ìwé ìṣirò rẹ̀ wò dáadáa. Gbèsè ńlá wà lọ́rùn ilé-iṣẹ́ náà, owó ọjà sì já wálẹ̀ káàkiri ayé láàárín àkókò díẹ̀. Lever Brothers fẹ́rẹ̀ẹ́ wó. Francis D'Arcy Cooper, oníṣirò owó, ni wọ́n pè láti tún nǹkan ṣe, òun náà ni ó sì di alága lẹ́yìn ikú Lever.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 1923, wọ́n fi orúkọ ilé-iṣẹ́ ọṣẹ náà sílẹ̀ lábẹ́ òfin ní Èkó, ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sì wà ní Àpápá. Ó di Lever Brothers Nigeria ní ọdún 1955, ó sì di Unilever Nigeria ní ọdún 2001.

Àwọn ìdílé àgbẹ̀ kò pàdánù ilẹ̀ wọn. Ṣùgbọ́n àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń ra epo àti èkùrọ́ kò pọ̀, wọ́n sì tún ń dara pọ̀ mọ́ra wọn. Igi wà lọ́wọ́ àgbẹ̀, iye owó kò sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Erékùṣù Lewis àti Harris

Lever ra erékùṣù Lewis ní Scotland ní ọdún 1918, ó sì ra Harris ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ó fẹ́ sọ wọ́n di ibùdó ẹja pípa ńlá. Àwọn ọmọ ogun tí ó ti ojú ogun dé kò fẹ́ iṣẹ́ oṣù; oko kéékèèké tí a ti ṣèlérí fún wọn ni wọ́n ń béèrè. Wọ́n wọ inú àwọn oko ńlá, wọ́n sì pín wọn láàárín ara wọn. Ní ọdún 1923, Lever fi Lewis sílẹ̀, ó sì fi ilẹ̀ náà lọ àwọn ará ibẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Agbègbè Stornoway gbà á, àjọ tí wọ́n fi ilẹ̀ náà sí lọ́wọ́ sì wà títí di òní.

Ikú rẹ̀ àti ohun tí ó fi sílẹ̀

Ìyàwó rẹ̀ kú ní ọdún 1913, ó sì kọ́ Lady Lever Art Gallery, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1922, ní ìrántí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi í jẹ baron ní ọdún 1917, ó so orúkọ ìyàwó rẹ̀ mọ́ tirẹ̀, ó sì di Leverhulme. Ó di viscount ní ọdún 1922. Ìrìn-àjò rẹ̀ ìkẹyìn sí Áfíríkà parí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1925. Kò pẹ́ tí ó dé tí òtútù àyà fi kọlù ú, ó sì kú ní Hampstead ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún. Port Sunlight ni wọ́n sin ín sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó rẹ̀.

Ìwé ìhágún rẹ̀ ni ó dá Leverhulme Trust sílẹ̀, èyí tí ó ṣì ń fi owó ran àwọn olùwádìí lọ́wọ́. Ní ọdún 1929, ẹ̀ka òwò Lever Brothers ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà di ara United Africa Company. Ọdún kan náà ni Lever Brothers àti Margarine Unie ti ilẹ̀ Netherlands fohùn ṣọ̀kan láti para pọ̀ di Unilever.

Ní àwọn ọdún 1960, Malaysia, níbi tí oko ọ̀pẹ ńláńlá wà, gba ipò iwájú lọ́wọ́ Nàìjíríà nínú títa epo pupa sí òkè òkun. Àwọn kan rí èyí gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé Lever kò ṣìnà nípa ọ̀nà tí a fi ń pèsè epo púpọ̀. Àwọn mìíràn tọ́ka sí Leverville, wọ́n sì ní ohun tí ìjọba kọ̀ fún un ní ọdún 1907 ni kò jẹ́ kí ilẹ̀ ọ̀pẹ Nàìjíríà bọ́ lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n jogún rẹ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá, àwọn obìnrin ṣì ń se àdín àti ọṣẹ dúdú láti ara ọ̀pẹ tó wà nínú oko ìdílé wọn.